Ta Ni Yóò Tú Bátìrì Náà?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ṣé kí òun ra ọ̀kadà oníná, ìbéèrè ni èmi náà fi máa ń dá a lóhùn: ta ni yóò tú bátìrì rẹ̀ fún yín lọ́jọ́ tó bá dákẹ́? Kì í ṣe pé mo fẹ́ lé onítọ̀hún padà sídìí ọ̀kadà elépo. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mo kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ríwáyà, láyé ìgbà tó jẹ́ pé bátìrì olómi ásíìdì nìkan la mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sídìí inverter, kí bátìrì lítíọ́mù tó wá gba gbogbo orí tábìlì mi. Ọ̀kadà oníná wù mí, mo sì gbà pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa yóò máa gùn. Àmọ́ lójoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó yẹ máṣíìnì wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọn ò béèrè ohun kan nípa bátìrì, bẹ́ẹ̀ bátìrì yẹn gan-an ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn rà.

Ẹ wo máṣíìnì ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò ní kábúrétọ̀, kò ní pílọ́ọ̀gì, kò sí ọ́ìlì tí a ó máa yí. Inú àgbá táyà ẹ̀yìn ni mọ́tò rẹ̀ sábà máa ń wà: òòfà ni àti wáyà kọ́pà, kò sì sí ohun tó ń jẹ níbẹ̀ ju bíárì lọ. Àpótí kékeré kan tí à ń pè ní kọ̀ntiróólà ló ń gba iná lára bátìrì, òun ló ń bù ú fún mọ́tò bí ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún bá ṣe yí sí. Ọmọọṣẹ́ tó bá gbọ́n lè mọ gbogbo èyí láàárín oṣù díẹ̀. Bátìrì ni kò ṣeé kọ́ kíákíá.

Ìṣirò ló ń gbé àwọn ọlọ́kadà dé ìdí rẹ̀, ìṣirò náà sì dára. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò sókè sí bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦900. Ọ̀kadà elépo tó ń ṣiṣẹ́ ìgboro yóò mu bíi lítà méjì kí ó tó rin ọgọ́rin kìlómítà. Ẹ mú bátìrì 72V tó jẹ́ 40Ah: ẹ sọ 72 di ọ̀nà 40, yúníìtì iná mẹ́ta ó dín díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbé máṣíìnì rin nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà yẹn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣájà a máa fi díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ní yúníìtì mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni mítà yóò kà. Àwọn tó wà lórí Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, ń san bíi ₦209 lórí yúníìtì kan láàárín ọdún 2024. Owó iná náà kò tó ₦700, epo ọ̀nà kan náà sì sún mọ́ ₦2,000. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá wàásù afẹ́fẹ́ tó mọ́ fún un.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń wó ni àdúgbò tí iná kì í ti í dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí a bá fi lítà epo kan sí i, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú iná jáde ju yúníìtì kan lọ, tó bá ṣe dáadáa kí ó tó yúníìtì kan ààbọ̀. Yúníìtì mẹ́ta yóò gba lítà méjì, ó lè gba mẹ́ta. Epo tí ẹ jó nínú jẹnẹrétọ̀ láti fi gba ṣáàjì ti ju èyí tí ọ̀kadà elépo ì bá fi rin ọ̀nà náà lọ, láìka ariwo àti èéfín. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó bá wá bá mi kí wọ́n tó sanwó: bí ẹ kò bá ní iná tó ṣeé gbójú lé fún wákàtí mélòó kan lóru, ẹ wá owó sólà mọ́ owó máṣíìnì. Pánẹ́ẹ̀lì 500W méjì, níbi tí òjìji kankan kò ti bò wọ́n, lè fún bátìrì kan ní ṣáàjì rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oòrùn bá mú dáadáa. Ìgbà òjò ńkọ́? Ẹ ó fi kún un.

Àwọn ará Benin àti Togo gba ọ̀nà míì yọ sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa, nítorí pé epo tiwa ló kọ́kọ́ mú wọn lẹ́mìí dúró. Kpayo, epo inú ìgò àti garawa tí wọ́n ń gbé kọjá ẹnubodè láti Nàìjíríà, ni àwọn ọlọ́kadà Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ń rà lẹ́bàá títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí owó epo wa fò sókè ní 2023, tiwọn náà fò. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, tó wá di Spiro, ti ń pín ọ̀kadà oníná kiri níbẹ̀ láti 2022. Ẹni tó ń gun máṣíìnì wọn kì í gba ṣáàjì nílé. Yóò yà sí ibùdó, yóò yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọn yóò fún un ní èyí tó kún, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ kí ẹni tó ń ra kpayo tó gba ṣéńjì rẹ̀.

Mo ti dúró ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Kútọnu, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ojú ilẹ̀ ni mo ń wò. Kútọnu tẹ́ pẹrẹsẹ létí òkun. Ìbàdàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Mókọlá àti Òkè-Àrẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Máṣíìnì àti ẹni méjì tó wà lórí rẹ̀ lè wọn 250 kílò. Kí ó tó gun òkè tó ga ní mítà 100, yóò ti jẹ iná tí ì bá fi rin kìlómítà méjì sí mẹ́ta lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, èyí sì jẹ́ àfikún sí iná tó fi ń rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Iye kìlómítà tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ti Ìbàdàn. Èyí kò ní kí a má lò ó o. Olókè ni Kigali ní Rwanda náà, ilé-iṣẹ́ Ampersand sì ti ń pààrọ̀ bátìrì fún àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ láti 2019. Ohun tí òkè ń béèrè ni kí ibùdó sún mọ́ra, kí ẹni tó ń rà sì yọ díẹ̀ kúrò nínú ìlérí olùtajà kó tó fi ṣètò ọjọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ètò pàṣípààrọ̀ ni pé bátìrì kò di ti ọlọ́kadà láéláé. Kò burú níbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí owó máṣíìnì wálẹ̀, bí bátìrì bá sì bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ ló ni àdánù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀; ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún fi òfin míì lé e. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbé máṣíìnì wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Ọ̀tà, wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Ọ̀yọ́, iṣẹ́ sì ń lọ, nítorí kò síbi tí wọn kì í ti í ta epo. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kò lè gba bátìrì mìíràn àfi ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, níbo ni yóò gbé e lọ? Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, irin lásán ló kù sí i lọ́wọ́, gbèsè sì lè wà lórí irin náà.

Àwọn tó ṣe é ṣáájú wa ti rí èyí. Ní Taiwan, níbi tí Gogoro ti bẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀ bátìrì ní 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bíi Yamaha, Aeon àti PGO ti ṣe máṣíìnì tó ń lo bátìrì kan náà. Ní Japan, Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki, àwọn tó ti ń bára wọn du ọjà láti ìgbà pípẹ́, fẹnu kò ní 2021 lórí ìwọ̀n bátìrì kan tí gbogbo wọn yóò máa lò. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè jókòó pọ̀, kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kí oníṣòwò mẹ́fà kó oríṣi bátìrì mẹ́fà wọlé, tí ọ̀kan kò wọ ihò èkejì?

Ẹ jẹ́ ká wá tú bátìrì wò. Nínú bátìrì 72V tó jẹ́ oríṣi lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní NMC, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì 20 ló tò tẹ̀léra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 3.6V, tó bá kún ó di 4.2V, gbogbo wọn lápapọ̀ sì di 84V. Iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó tò sójú ìlà, tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn níbi tí ilé ti ń jó, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó lọ́ra jù ló ń pinnu bí gbogbo ìlà ṣe ń yára tó. Bí ìdìpọ̀ kan bá rẹ̀ sílẹ̀, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ wọn, tí à ń pè ní BMS, yóò ti gbogbo rẹ̀ pa kí èyí tó rẹ̀ náà má bàa bàjẹ́ tán. Ọlọ́kadà yóò tẹ kọ́kọ́rọ́, kò ní rí iná kankan.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé e wá. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ó ti kú, pé kí n lọ ra òmíràn." N ó tú u, n ó fi mítà kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún yóò wà ní 3.7V. Ọ̀kan yóò wà ní 2.4V. Bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú yìí, apá kan nínú ogún rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Nígbà míì, sẹ́ẹ̀lì náà kò tilẹ̀ ní àìsàn kankan: wáyà tín-ín-rín tí BMS fi ń wò ó ló já, tàbí kí òjò ti wọ ẹnu ibi tí wọ́n ti so iná, kó sì ti dípẹtà. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń jù nù ló ṣì ní ẹ̀mí gígùn nínú.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Sẹ́ẹ̀lì tí a ó fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi kan náà, kí agbára rẹ̀ sì sún mọ́ ti àwọn tó bá níbẹ̀, kí a sì mú gbogbo wọn dọ́gba kí a tó so wọ́n pọ̀. Èyí tó lágbára jù wọ́n lọ pàápàá ń dá wàhálà sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó sì ti wà nísàlẹ̀ 2V fún ìgbà pípẹ́, a kì í jí i. Kọ́pà inú rẹ̀ ti yọ́, ó sì lè bíríìjì nínú ara rẹ̀ nígbà tí iná bá tún wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lórí fídíò ọ̀sán kan, tí wọ́n gbé pátákó síta lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ń ṣe ohun méjì tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ fòfin dè. Èkíní, wọ́n á gé BMS kúrò, wọ́n á so wáyà tààrà, máṣíìnì á sì gbéra, oníbàárà á dúpẹ́. Ó ti gbé bọ́ǹbù lọ sílé ọmọ rẹ̀. Èkejì ni ṣájà. Ṣájà 72V tí wọ́n ṣe fún bátìrì ásíìdì ń fún iná tó tó 88V. Bátìrì lítíọ́mù tí a ṣàpèjúwe yìí kò gbọdọ̀ kọjá 84V. "72" náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì, ẹnu wọn sì lè wọra. Níbi tí BMS kò bá ti sí mọ́, kò sí ohun tí yóò dá iná yẹn dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbóná kọjá ààlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru jáde fúnra rẹ̀, yóò ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí aṣọ tútù tàbí yẹ̀pẹ̀ ṣe máa pa á. Ní ìlú New York, iná tí bátìrì lítíọ́mù fà pa èèyàn 18 ní ọdún 2023 nìkan, ìlú tí panápaná ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn o. Ẹ má gba ṣáàjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbà jáde. Ẹ má gba á nídìí ibùsùn. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù kí ẹ tó so ó mọ́ iná.

Oríṣi tó gba ara mọ́ ooru wa jù ni LFP, èyí tí irin àti fọ́sífétì wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju NMC lọ, ó sì gba àyè, ṣùgbọ́n kì í tètè gbiná, ó sì lè gba ṣáàjì tó ẹgbẹ̀rún méjì kí agbára rẹ̀ tó dín kù lọ́nà tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹ bá ń gba ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ. Bátìrì ásíìdì tí àwọn kan ṣì ń rọ́ sínú kẹ̀kẹ́ oníná tó dínwó kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sí márùn-ún. Ọdún kan péré ni. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ọlọ́kadà Ìbàdàn, LFP ni n ó mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ikú bátìrì náà tún ní ibi tó ń já sí. Ní Ògijò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú ògbólógbòó bátìrì ásíìdì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn ará àdúgbò, tọmọdé tàgbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a kò bá ṣètò ibi tí bátìrì lítíọ́mù yóò máa lọ, ibi tí ti ìṣáájú lọ náà ni yóò lọ. Bẹ́ẹ̀, ó ní iṣẹ́ kejì tó lè ṣe. Èyí tí agbára rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kò lè tẹ́ ọlọ́kadà lọ́rùn mọ́, ṣùgbọ́n yúníìtì méjì ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì tó fáànù, gílóòbù mélòó kan àti tẹlifíṣàn láti alẹ́ di òwúrọ̀. Mo ti sọ irú wọn di bátìrì inverter fún ọ̀pọ̀ ilé. Èyí tí mo bá lè tú nìkan ni mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń da gọ́ọ̀mù kún inú bátìrì títí yóò fi le bí òkúta. Àwọn mìíràn fi kóòdù sínú BMS: ẹ lè pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì náà bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, pátákó náà kò ní tan iná àfi kí kọ̀ǹpútà wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, mo ti sọ ohun tí ojú mi ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gé BMS. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni oògùn àìmọ̀ọ́ṣe. A kò ti ẹ́ńjìnnì mọ́ àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́kọ́ dé. Wọ́n kọ́ ọ, òun náà sì ni wọ́n fi bọ́ ọmọ.

Yúróòpù ti ṣe òfin lórí èyí. Òfin bátìrì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé láti oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná àti irú àwọn ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, títí kan sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lè yọ, kí ó sì pààrọ̀. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tajà níbẹ̀ yóò bá ṣe bátìrì tó ṣeé tú fún Yúróòpù, kò sí ìdí tí wọn yóò fi kó èyí tí a kò lè tú wá fún wa.

Ọjà yìí yóò sì tóbi. Bátìrì tí wọ́n ń tà ju $1,000 lọ fún kílówáàtì-wákàtí kan ní 2010 ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi $115 ní 2024, èyí tí wọ́n ń fi sọ́díọ̀mù ṣe náà sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń wa òkúta lítíọ́mù ní Òkè-Ògùn, ní Kómu àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì ń kó o lọ. Kí ó má lọ jẹ́ pé bátìrì tí wọ́n fi ohun ilẹ̀ wa ṣe ni yóò padà wá sọ́dọ̀ wa, tí a kò sì ní ní àṣẹ láti ṣí ìdérí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ bi olùtajà ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba ṣájà tó bá a wá, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ríwáyà àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹ fi bátìrì lítíọ́mù kún ohun tí ọmọọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba fíríìdọ̀mù. Ẹ̀yin tó wà ní SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, àti ẹ̀yin aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá, ẹ̀yin lẹ mọ ẹnubodè tí ọjà ń gbà wọlé: ẹ kọ ọ́ sínú òfin nísinsìnyí pé bátìrì ọ̀kadà tí a kò bá lè tú, tí a kò sì lè tún ṣe, kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí.